Irin Kan Ló Kù

Ojú irin sùn ní Ìdí-Gẹdú fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.
Kò kú. Ó kàn dijú ni,
koríko eéran bò ó, ìgbín sọ ọ́ di afárá.
Ojú irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe irú ti Ìddó:
ọmọ ọdún méje lè fi ẹsẹ̀ kan tẹ apá ọ̀tún,
kó fi ìkejì tẹ òsì, kó máa jó.
Gẹdú ló ń kó nígbà náà, láti inú igbó dé etí ọ̀sà,
gẹdú tó gùn ju ọkọ̀ tó gbé e lọ.

Nígbà tí sọ́ọ̀mìlì kógbá sílé, abúlé pín ogún.
Bàbá Kúdírátì fi irin méjì ṣe òpó ilé.
Sùbérù fi mẹ́ta dí ẹnu kànga
kí ewúrẹ́ má baà jìn sí i.
Ilé ẹ̀kọ́ gba ẹyọ kan, wọ́n fi ṣéènì so ó rọ̀ sára igi fúrúùtù,
wọ́n ń fi bótì lù ú.
Òun ni mo máa ń gbọ́ lọ́nà
tí mo fi ń mọ̀ pé ẹgba ti ń dúró dè mí.

Bàbá mi, Búsàrí Afínná, kò mú irin kankan.
Ṣọ́bìrì ẹ̀ ló gbé wálé,
ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bí ẹni fi fìlà kọ́.
Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, á lọ sí ìsọ̀ páànù tó ń jò
níbi tí ẹ́ńjìnnì dúró sí, tí adìyẹ ń yé sínú ìléru ẹ̀.
Á fi àkísà nù ún, á bú u, á tún pè é ní Àwẹ̀ró.
Ìyá mi ní òun nìkan lòun mọ̀
tí orogún òun ń dógùn-ún.

Lọ́jọ́ kan, onírin àlòkù gbé òṣùwọ̀n dé.
Ó béèrè: kíló mélòó ni nǹkan yìí?
Bàbá mi jókòó sórí òṣùwọ̀n.
Ó ní, "Wọ̀n mí mọ́ ọn."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀.
Ọmọ Sùbérù tó ń ṣe wẹ́dà ní Ìkòròdú wálé pẹ̀lú iná ẹ̀.
Bàbá Kúdírátì fa òpó yọ, ó da kankéré dípò.
Wọ́n ṣí kànga; ewúrẹ́ jìn sí i lọ́jọ́ kejì,
a yọ ọ́, ó bínú sí gbogbo wa.
Ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló kọ̀.
Mísìs Ọdúbánjọ ní, "Ẹ bá gba agogo,
ta ló máa wá bá yín gba àwọn ọmọ kúrò lódò?"

Irin ò ní ìrìn nínú àfi bí iná bá bẹ̀ ẹ́.
Omi ò mọ̀ pé òun lágbára
àfi ìgbà tí wọ́n bá há a mọ́, tí wọ́n dáná sí i nídìí.
Orúnkún bàbá mi ti gbó, ṣọ́bìrì ti di tèmi.
Wọ́n ní èéfín nìwà:
tèmi ń rùn lára aṣọ mi títí di ọjọ́ Ajé.

Àwẹ̀ró kì í sáré. Ajá ń ṣáájú ẹ̀,
á jókòó, á yún etí, á dúró dè é.
Ìyá arúgbó kan ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ kan ṣoṣo,
kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

A máa ń dúró níbi tí irin parí sí.
Òórùn ọ̀sà ti dé imú wa, omi gan-an ò tíì dé.
Bàbá mi á sọ̀ kalẹ̀, á fi ọ̀pá ẹ̀ wọn ilẹ̀,
ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án,
á bẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ kan omi
bí ẹni fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ní ibà.

Sátidé tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ tì pa.
Kò sí ẹni tó yẹ kó lu agogo.
Ẹnì kan lù ú.
Bàbá mi gbórí sókè,
ọwọ́ ẹ̀ ṣì ń kán sílẹ̀.